Time dilation: kí ló dé tí aago tó ń sáré fi ń falẹ̀?

Lójú ẹni tó dúró, aago tó ń sáré kọjá kì í yá tó èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní time dilation nìyẹn. Kì í ṣe pé bátìrì aago náà ń kú lọ o. Aago náà pé.

Ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yálà ẹni tó dúró ló wọ̀n ọ́n tàbí ẹni tó ń sáré. Orí èyí ni Albert Einstein gbé àlàyé rẹ̀ kà ní 1905.

Ẹ jẹ́ ká gbé aago kan sínú rélùwéè tó ń ti Ọ̀fà bọ̀ ní Ìlọrin. Dígí méjì ni aago yìí, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè, tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Lílọ àti bíbọ̀ kan, ó ka ẹyọ kan. Lójú Àlàbí tó wà nínú ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ń gòkè tààrà, ó ń sọ̀ tààrà. Àmọ́ lójú Àṣàkẹ́ tó dúró ní téṣàn Ọ̀fà, kí ìmọ́lẹ̀ tó dókè, dígí òkè ti sún síwájú. Ìmọ́lẹ̀ ní láti fì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà gùn sí i, eré ìmọ́lẹ̀ ò sì yí padà. Àkókò ló máa fà.

Ká ní rélùwéè wa lè sá ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín), bí aago Àlàbí bá ka 60, irú aago bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ Àṣàkẹ́ yóò ka 75. Ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ náà ò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn odidi wákàtí, ìyẹn lojú wa ò ṣe rí i.

Muon rí i. Ègé tíntìntín ni, tí ìtànṣán láti gbalasa òfurufú ń bí ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sókè. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀mí rẹ̀ ò ju 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bó tilẹ̀ sáré bí ìmọ́lẹ̀, àyè yẹn ò gbé e kọjá mítà 660. Síbẹ̀, torí pé aago tiwọn ń falẹ̀ lójú wa, wọ́n ń dé ilẹ̀, wọ́n ń gba ara àwọn tó ń nájà ní Ọjà Ọba kọjá.

Ibi tó dùn jù rèé: Àlàbí náà lè ní Àṣàkẹ́ ló ń sún lọ sẹ́yìn, aago Àṣàkẹ́ ló ń falẹ̀. Òótọ́ ló sọ, Àṣàkẹ́ náà ò sì purọ́. Báwo? Aago méjì ni Àṣàkẹ́ fi ń wọn aago Àlàbí kan ṣoṣo: ti téṣàn Ọ̀fà nígbà tó kọjá níbẹ̀, ti téṣàn Ìlọrin nígbà tó débẹ̀. Ó gbà pé méjèèjì bára mu. Àlàbí ò gbà. Lójú tiẹ̀, aago Ìlọrin ti ṣíwájú ti Ọ̀fà kó tó gbéra rárá. Nítorí náà, bó bá bá aago Ìlọrin níwájú tirẹ̀, kò yà á lẹ́nu: aago Ìlọrin ń falẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti ṣíwájú tẹ́lẹ̀.

Bí Àlàbí bá wá yí padà sí Ọ̀fà, tí wọ́n gbé aago méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tirẹ̀ ni yóò rẹ̀yìn, torí òun ló yí padà. Àṣàkẹ́ ò kúrò lójú kan.