Ọ̀nà Tí Òṣìṣẹ́ Ọmọ Jàpáàn Ń Gbà Dé Ilé Ìlagi ní Amẹ́ríkà

Láti nǹkan bí ọdún 1890 títí di nǹkan bí ọdún 1925, ọ̀pọ̀ ọmọ Jàpáàn ló ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìlagi ìpínlẹ̀ Washington àti Oregon, níbi tí igbó kìjikìji ti pọ̀, tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ojú irin sì ń kó pákó lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ìdí iṣẹ́ náà ní oníbodè, ìyẹn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wọn wáṣẹ́, owó ibodè rẹ̀ kì í sì í tán lẹ́ẹ̀kan.

Òfin ló kọ́kọ́ ṣí àyè sílẹ̀. Lọ́dún 1882, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé alágbàṣe láti Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọ̀lú mọ́. Lọ́dún 1885, ìjọba Jàpáàn gbà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ní Hawaii. Nígbà tí Hawaii bọ́ sábẹ́ Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1900 sọ àdéhùn tó so wọ́n mọ́ oko náà di asán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì wọkọ̀ lọ sí etíkun Amẹ́ríkà kí ìjọba tó dí ọ̀nà yẹn lọ́dún 1907.

Ọ̀gá ilé ìlagi kì í sábà wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́ èdè Jàpáàn, púpọ̀ nínú àwọn tó ń wáṣẹ́ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe tí òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ Jàpáàn ni yóò kó àwọn tó wà ní Seattle, Tacoma tàbí Portland jọ, tí yóò bá ilé iṣẹ́ dúnàá dúrà lórí owó wọn, tí yóò sì fi olórí kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ṣáájú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ ni Shinzaburo Ban ní Portland, tó ń kó òṣìṣẹ́ fún ojú irin àti fún ilé ìlagi. Láàdá agbaṣẹ́ṣe ń jáde látinú owó iṣẹ́ ojoojúmọ́: nídìí ojú irin, sẹ́ǹtì 10 ló wọ́pọ̀, nígbà tí owó ọjọ́ kan kò ju dọ́là kan àti díẹ̀ lọ. Owó ògbufọ̀ oṣooṣù tún wà lọ́tọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ pàápàá, ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan náà ni wọ́n sábà ti ń rà á láwìn, yóò sì ti yọ owó rẹ̀ kí owó iṣẹ́ tó dé ọwọ́ wọn. Èyí ló burú jù nínú ètò náà, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè bi ilé iṣẹ́ léèrè iye tó san lórí òun gan-an.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn ni ìdí ṣéènì pákó tútù. Bí ayùn bá ti la gẹdú tán, ṣéènì gígùn kan á máa wọ́ pákó jáde, àwọn tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa fà á yọ, wọ́n á sì máa tò ó gẹ́gẹ́ bí ìbú, gígùn àti bó ṣe dára sí. Pákó náà ṣì kún fún omi, ó wúwo, ṣéènì kì í sì í dúró de ẹni tó ti rẹ̀. Bí ọmọ Jàpáàn àti aláwọ̀ funfun bá tilẹ̀ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, owó ọmọ Jàpáàn ló sábà ń kéré.

Àdúgbò wọn wà lọ́tọ̀. Ní Port Blakely, ní erékùṣù Bainbridge tó dojú kọ Seattle, wọ́n tẹ abúlé Yama dó sórí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi ńlá, wọ́n sì ní ilé ìwẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti tẹ́ńpìlì Búdà. Lẹ́yìn àdéhùn ọdún 1907 sí 1908 láàárín ìjọba méjèèjì, Jàpáàn kò fún alágbàṣe tuntun ní ìwé ìrìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ìyàwó lè wá bá ọkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fi fọ́tò fẹ́ra kí wọ́n tó fojú kanra, ibi tí àwọn àpọ́n nìkan ń gbé tẹ́lẹ̀ sì di ibi tí a ti ń bímọ.

Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1924, pé kí ọmọ Jàpáàn má ṣe wá tẹ̀dó síbẹ̀ mọ́, ti ilẹ̀kùn pátápátá. Ní oṣù Keje ọdún 1925, ilé iṣẹ́ Pacific Spruce ní Toledo, ní Oregon, kó àwọn ọmọ Jàpáàn wá sídìí ṣéènì pákó tútù, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí òun ń rí kì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará ìlú kóra jọ, wọ́n sì fi tipátipá lé wọn jáde. Ọ̀kan nínú wọn, Tamakichi Ogura, pe àwọn tó ṣáájú ìkọlù náà lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì dá a láre lọ́dún 1926 pẹ̀lú owó gbà-má-bínú 2,500 dọ́là.