Ohun tó ń mú àkùkọ kọ

Òròmọdìẹ kì í kọ. Ó di ìgbà tí akọ bá ń dàgbà, tí ogbe orí rẹ̀ ń pọ́n, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú. Ọ̀fun rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Inú ikùn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kórópọ̀n àkùkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín.

Lọ́dún 1849, ní ìlú Göttingen ní Jámánì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Arnold Berthold, fi àkùkọ mẹ́fà tí kò tíì dàgbà ṣe àyẹ̀wò. Àwọn tó yọ kórópọ̀n wọn pátápátá di ọ̀dá: wọn kò kọ bí akọ, wọn kì í jà, ogbe wọn kò sì tóbi. Nínú àwọn mìíràn, ó fi kórópọ̀n kan sáàárín ìfun, tí kì í ṣe ipò rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ, wọ́n jà, wọ́n sì ń lé abo. Nígbà tó là wọ́n wò, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ti hù wọ inú kórópọ̀n náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí okùn kan tó so ó pọ̀ mọ́ ọpọlọ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jíṣẹ́. Àyẹ̀wò yìí wú ni lórí gan-an, nítorí ọdún 1935 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí họ́mọ́ònù náà, ìyẹn èròjà tí kórópọ̀n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi jíṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ testosterone, yọ jáde lọ́tọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e káàkiri ara, àmọ́ kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló lè gbà á. Àwọn tó lè gbà á wà nínú ọpọlọ, títí kan agbègbè tó ń darí igbe. Agbègbè yìí ló ń pàṣẹ fún iṣan tó ń ti èémí jáde, àti fún ibi tí ohùn ẹyẹ ti ń dún, nísàlẹ̀ kòmóòkun, níbi tó ti pín sí méjì. Ìdí nìyí tí òròmọdìẹ tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́ testosterone fi lè kọ láìpẹ́ ọjọ́. Kò nílò kí àgbà kọ́ ọ.

Ti kanárì, ẹyẹ kékeré kan tó máa ń kọrin, le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnu àgbà ló ti ń kọ́ orin. Lọ́dún 1976, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Fernando Nottebohm àti Arthur Arnold, fi hàn pé agbègbè orin nínú ọpọlọ akọ tóbi ju ti abo lọ fíìfíì. Nígbà tí ojúmọmọ bá ń gùn sí i, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí kórópọ̀n, testosterone a pọ̀, agbègbè orin náà a sì fẹ̀. Lẹ́yìn àsìkò ọmọ bíbí, yóò tún súnkì. Abo kanárì tí wọ́n bá fún ní testosterone lè kọrin bí akọ. Ní ti zebra finch, ẹyẹ kékeré mìíràn tó ń kọrin, abo tó ti dàgbà kò ní kọrin bí wọ́n tilẹ̀ fún un, nítorí púpọ̀ nínú agbègbè orin rẹ̀ ti rọ láti kékeré.