Bí a ṣe ń yí fáìlì àwòrán 3D láti irú kan sí òmíràn

Tí a bá fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí fáìlì OFF tàbí OBJ, tí wọ́n jẹ́ irú fáìlì àwòrán 3D méjì, nọ́ńbà la máa bá níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta, x, y àti z, ló ń sọ ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn ìlà mìíràn á wá sọ àwọn igun tó para pọ̀ di ojú kan. Yíyí ọ̀kan sí èkejì kò le rárá. Ibi tó ti ń dojú rú ni bí wọ́n ṣe ń ka igun, àti ohun tí fáìlì kan ń tọ́jú tí èkejì kò ní àyè fún.

Nínú OFF, ìlà àkọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀, OFF. Ìlà kejì ń kéde iye igun, iye ojú àti iye etí, ìyẹn ìlà tó so igun méjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò kì í tilẹ̀ wo iye etí yìí, wọ́n kàn ń fi 0 síbẹ̀ ni. Ojú onígun mẹ́ta kan máa ń rí báyìí:

3 0 1 2

3 yẹn ni iye igun tí ojú náà ní. Àwọn tó kù jẹ́ nọ́ńbà igun, láti 0 ni kíkà sì ti bẹ̀rẹ̀. OBJ, tó wá láti ilé iṣẹ́ Wavefront, kì í kéde iye kankan. Lẹ́tà tó ṣíwájú ìlà ló ń sọ ohun tó wà níbẹ̀, v fún igun, f fún ojú, láti 1 ló sì ti ń kà:

f 1 2 3

Ojú kan náà nìyẹn. Ẹni tó ń ti OFF bọ̀ sí OBJ gbọ́dọ̀ fi 1 kún gbogbo nọ́ńbà igun. Ẹni tó ń padà gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Tí kò bá yọ ọ́, gbogbo ojú á lọ so mọ́ igun tó tẹ̀ lé tiwọn, àwòrán á dàrú, nọ́ńbà tó ga jù á sì máa wá igun tí kò sí.

Pípadà sí OFF tún ní ìyọnu tirẹ̀: a ní láti ka OBJ tán ká tó lè kọ ìlà kejì, torí iye ló ń ṣíwájú. Bí ojú bá wá rí báyìí, f 1/4/2 2/5/2 3/6/2, nọ́ńbà tó ṣáájú àmì / àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan la nílò. Nọ́ńbà lè jẹ́ -1 pẹ̀lú, èyí tó túmọ̀ sí igun tí wọ́n kọ kẹ́yìn títí dé ìlà yẹn.

STL, irú fáìlì kẹta, ló máa ń fa iṣẹ́ jù. Ilé iṣẹ́ 3D Systems ló gbé e jáde ní 1987. Onígun mẹ́ta nìkan ló mọ̀, kì í sì í fún igun ní nọ́ńbà: onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan ń kọ igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lódindi. Àpótí tó ní igun 8 péré á di onígun mẹ́ta 12, ìlà igun á sì di 36. Ìfiṣòfò gbáà ni. Láti sọ ọ́ di OFF, bí a bá ṣe ń ka igun kọ̀ọ̀kan la ó máa wò ó bóyá a ti rí i rí. Bí a bá ti rí i, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ la ó lò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká fún un ní tuntun. Ṣùgbọ́n 0.1 àti 0.1000001 ńkọ́? Bí a bá ní dandan kí wọ́n bára mu pátápátá, ara àwòrán á là. Bí a bá sì gba ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàyè, àwọn ibi tó kéré lóòótọ́ á lẹ̀ pọ̀. Ìtóbi ohun tó wà nínú fáìlì ló yẹ ká fi pinnu rẹ̀.

Láti OFF sí STL, a ó gé ojú tó ní ju igun mẹ́ta lọ sí onígun mẹ́ta, láti igun àkọ́kọ́ rẹ̀ sí àwọn yòókù. Èyí dára bí ojú náà kò bá níbi tó tẹ̀ wọnú. Ká má sì dá ètò igun rú: bí a bá ń wò ó láti ìta, òdìkejì ọwọ́ aago ló yẹ kó máa yí.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní ibi pàtó tí a ti ń kọ òṣùwọ̀n sí. 10 lè jẹ́ ínṣì 10, kí ètò tó gbà á sì kà á sí mìlímítà 10. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde á fi ìlọ́po 25.4 kéré sí bó ṣe yẹ.