Ṣé AC ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá, àbí ó kàn ń mú un tutù?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra AC sí yàrá wọn n'Íbàdàn, wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, wọ́n sùn. Ilẹ̀ mọ́, orí wọn wúwo bí ẹni tó ru àpò gàrí mọ́jú. Ni wọ́n bá pè mí. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí.

Ṣebí afẹ́fẹ́ ìta ni AC ń fà wọlé?

Rárá o. Torí pé apá kan ẹ̀rọ náà wà níta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò bẹ́ẹ̀. Páìpù bàbà méjì ló so apá tó wà lára ògiri yàrá pọ̀ mọ́ èyí tó ń kùn lẹ́yìn ilé, gáàsì ló sì ń gba inú páìpù náà kọjá, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Bí aláàárù ni gáàsì yìí: á ru ooru yàrá, á lọ sọ ọ́ kalẹ̀ níta, á padà wá ru òmíràn. Afẹ́fẹ́ yàrá ní tirẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ẹ̀rọ náà á fà á wọlé látòkè, á mú un tutù, á tú u sílẹ̀ nísàlẹ̀, á tún fà á.

Ohun tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀ ò ju ooru, omi àti eruku díẹ̀ lọ. Omi tó ń kán lẹ́yìn ilé yẹn, inú afẹ́fẹ́ yàrá yín ló ti wá. Kódà, torí ọ̀rinrin ni AC ṣe dáyé. Ní 1902, ọ̀rinrin ń ba bébà jẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, Willis Carrier sì ṣe ẹ̀rọ tó máa kápá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgbádùn tiwa tó dé.

Kí ló wá dé tí orí fi ń wúwo?

Ó jọ pé èémí ara wọn ni. Kábónì dáyọ́sáídì, gáàsì tí à ń mí jáde, kò ju nǹkan bí ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́ lọ níta. Nínú yàrá kékeré tí ènìyàn méjì tì pa sùn, kò ṣòro kó fò kọjá 1,000 kílẹ̀ tó mọ́. Kò ní pa ni, àmọ́ yàrá á há, ara á sì wúwo. Mo ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé. Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa fi owó iná mi mú gbogbo àdúgbò tutù ni?" Rárá. Kí wọ́n ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó tan AC, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn tó lọ sí pálọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ lóru.

AC ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù ńkọ́?

Tèmi náà rùn rí. Oníṣẹ́ tó wá wò ó ní gáàsì ló tán. Ó rọ gáàsì, ó gbowó, òórùn náà ò kúrò. Gáàsì AC kì í tán bí epo mọ́tò; tó bá dín, ó ń jò níbì kan ni. Mo wá fúnra mi ṣí ìdérí rẹ̀ sókè, mo fa asẹ́ méjèèjì tó ń gba eruku jáde. Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn pìtìpìtì, mo fi ìka fà á, ó ká kúrò bí aṣọ. Omi tí mo fi fọ̀ ọ́ dúdú bí omi ìkòkò ìdí iná. Lẹ́yìn asẹ́ náà, èébu ti tò sára àwọn irin pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ ní tótòtó, páìpù tí omi ń gbà jáde sì ti dí. Eruku àti ọ̀rinrin ni oúnjẹ èébu, AC tí a kò fọ̀ sì ní méjèèjì. Ẹ máa fọ asẹ́ lóṣooṣù, ẹ sá a síbi òjìji kó gbẹ dáadáa. Inú irin yẹn, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀.

Tí ọyẹ́ bá dé ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́, láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ló ti ń fẹ́ wá. Asẹ́ AC á mú èyí tó tóbi. Èyí tó kéré jù, tó jẹ́ pé a lè to ogún rẹ̀ sórí ìbú fọ́nrán irun kan ṣoṣo, á gba ojú asẹ́ kọjá wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lásìkò yẹn ẹ ti fèrèsé nígbà tí eruku bá le, ẹ fọ asẹ́ lọ́sẹ̀ méjìméjì, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? AC ò lè gbà á?

Kò lè gbà á rárá. Kábónì mọnọ́sáídì inú èéfín náà ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju ọ́síjìn lọ. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé. Ó kéré tán, kó jìnnà tó mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sílé. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, ẹ jáde ná, kẹ́ ẹ forí lé ọsibítù.

Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́?

Èyí tó ní asẹ́ HEPA, ìyẹn asẹ́ tí ojú rẹ̀ há gan-an, dára fún eruku ọyẹ́: ó ń mú 99.97 nínú 100 àwọn tó kéré tó ìwọ̀n 0.3 máíkírọ́nù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan). Kò lè mú kábónì mọnọ́sáídì, kò sì lè mú èémí ẹni. Owó rẹ̀ ò sì kéré. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ fọ asẹ́ AC wọn ná. Wọ́n fọ̀ ọ́ ní Sátidé, wọ́n ya fọ́tò omi rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.