Ìmúnisìn ni, Kì í Ṣe Ìpàṣẹwàá: Ohun tí Negan Gbé Wọ Alexandria

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC ní Amẹ́ríkà gbé apá kẹrin nínú ọ̀wọ́ keje eré The Walking Dead, ìtàn àwọn tó ṣẹ́ kù láyé lẹ́yìn tí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í jí rìn, jáde, wọ́n sì pe apá náà ní Service. Ẹni tó bá ti wò ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: Negan, olórí àwọn ọmọ ogun kan, dé Alexandria, ìlú tí Rick àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé, ṣáájú ọjọ́ tó dá, ó sì fi gbogbo ọjọ́ yẹn kó ẹrù wọn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú nǹkan báyìí, kí ẹnì kan máa fi ipá jẹ gàba lé àwọn ẹlòmíràn lórí, ní tyranny. Àwa tí a ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí eré yìí kò tíì fẹnu kò lórí orúkọ tí a ó máa pè é, àwọn orúkọ tí mo sì ń rí kà ń dùn mí, nítorí wọ́n ń mú kí òǹkàwé ṣi ohun tí eré náà ń sọ gbọ́. Ìmúnisìn ni èmi ń pè é. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan kàn gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, wọ́n fi àmì ohùn sí i, wọ́n ní tírání. Èmi kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ohun tí a kò ní tẹ́lẹ̀ ló dé, a gbà á tòun ti orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé Yorùbá kò rí ẹni tó ń fi ipá jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn rí, tí a ó fi máa yá orúkọ rẹ̀ lò? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá yìí kì í tilẹ̀ ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, níbi tó ti kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ẹni tó gorí àlééfà láìjẹ́ pé oyè tọ́ sí i, ì báà ṣe dáadáa, ì báà ṣe burúkú. Ẹni tó bá ń pe tírání kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan fún òǹkàwé rẹ̀; ó kàn ti gbé iṣẹ́ àlàyé náà lé òǹkàwé lọ́wọ́ ni.

Àwọn tó pọ̀ jù ń lo ìjọba apàṣẹwàá, àwọn gan-an ni mo sì fẹ́ bá jiyàn. Ọ̀rọ̀ tó dára ni apàṣẹwàá. Rédíò àti ìwé ìròyìn ti lò ó fún àwọn ológun tó fi ìbọn gba ìjọba, ó sì bá wọn mu, nítorí inú àṣẹ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà: ẹnì kan ń pàṣẹ, kò sì sí ẹni tó lè bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, òfin wo ni Negan ṣe fún Alexandria? Kò yan ẹnikẹ́ni sípò níbẹ̀. Kò sọ bí wọn yóò ṣe máa gbé pọ̀, kò fòfin de ìjọsìn wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò dá ẹjọ́ tó wà láàárín wọn. Ohun tó wá gbà ni ìdajì ohun tí wọ́n ní, gbogbo ìbọn wọn, títí kan tìmùtìmù tí wọ́n ń sùn lé, ó sì ní kí wọ́n jáde lọ wá èyí tí òun yóò tún padà wá gbà. Bí apàṣẹwàá bá kú, a lè retí pé kí àṣẹ rẹ̀ bá a lọ. Ìmúnisìn tí mo ń sọ yìí kò rọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, torí náà ni gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ fi ń dáhùn pé Negan ni àwọn nígbà tí a bá bi wọ́n pé ta ni wọ́n.

Mo rí àwọn tó ní ìnilára. Ìnilára gbòòrò jù. Àìsàn ń ni ni lára, gbèsè pẹ̀lú ń ni ni lára. Mo tún rí ìjọba oníkùmọ̀, nítorí Lucille, kùmọ̀ tí Negan fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún wé, èyí tó fi pa Abraham àti Glenn, àwọn ènìyàn Rick, nínú apá tó jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ẹni tó dá orúkọ yìí sílẹ̀ kò fara balẹ̀ wo Service. Nígbà tí Negan wọlé, ọwọ́ Rick ló gbé kùmọ̀ náà lé, Rick ló sì ń gbé e tẹ̀ lé e káàkiri ìlú. Kùmọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń ni lára, ẹ̀yìn ẹni tó ń ni í lára ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ kò lù ú. Bí kùmọ̀ bá ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni ì bá ti parí. 

Ẹ jẹ́ ká wo ìmúnisìn fúnra rẹ̀. A ń sin ọba, a ń sin Ọlọ́run, a sì ń sin àlejò dé ojú ọ̀nà. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan wà níwájú, ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ìlú pẹ̀lú máa ń sin ìlú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé Dahomey sin Ọ̀yọ́, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé lọ́dọọdún ni ẹrù ń ti Abomey, olú ìlú Dahomey, lọ sí ààfin Aláàfin, títí Gezo ọba wọn fi kọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1823. Dahomey ní ọba tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó ní ọmọ ogun, ó ní òfin, ó ní òrìṣà. Ó kàn ń sìn ni. Nígbà tí a bá wá fi mú síwájú sìn, a ti sọ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni náà, wọ́n mú un ni. Orúkọ tí àwọn òǹkọ̀wé eré náà fún apá yìí pàápàá, ìsìn ni. Mi ò mọ bí Yorùbá ṣe tún lè sún mọ́ èrò wọn jù báyìí lọ.

Àtakò kan wà tí mo máa ń gbọ́, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní a ti fi amúnisìn jìn àwọn òyìnbó tó jọba lé wa lórí, pé bí òǹkàwé bá rí i, Lugard ni yóò wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe Negan. Èmi kò rí i bí àléébù. Ìjọba òyìnbó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bí. A kò lè torí ọmọ kan gba orúkọ lọ́wọ́ ìyá. Àpẹẹrẹ tí mo mú wá látọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ fi hàn pé àwa náà ti mú ẹlòmíràn sìn kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó fi gómìnà ránṣẹ́ sí wa, ọ̀rọ̀ tó bá sì lè dá òyìnbó lẹ́bi, tó tún lè dá wa lẹ́bi, ni ọ̀rọ̀ tó péye.

Báwo wá ni ìmúnisìn ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí àfòmọ́ ṣe ń ṣe lórí igi kòkó ni. Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan: ẹyẹ ló gbé e dé, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú igi náà, ó sì ń mu omi tí gbòǹgbò ẹlòmíràn fà láti inú ilẹ̀. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí orí igi ń gbẹ. Kò sì fẹ́ kí igi náà tètè kú, nítorí ọjọ́ tí igi bá kú ni òun náà kú. Ohun tí Negan sọ fún Rick nínú ilé oúnjẹ Alexandria gan-an nìyẹn: kò mú oúnjẹ wọn, nítorí bí ebi bá pa wọ́n kú, kò ní rí nǹkan kan gbà. Àwọn tó bá kà á sí àánú kò mọ àfòmọ́. Oúnjẹ tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń jẹ, oko Hilltop àti ti Kingdom, ìlú méjì mìíràn tó ń sìn ín, ló ti ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àfòmọ́, kò tó kó já ewé rẹ̀ dànù, torí yóò tún hù. Ẹ̀ka tó lẹ̀ mọ́ ló máa gé, ẹ̀ka tirẹ̀, pẹ̀lú èso tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀ka yẹn ni Rick ò fẹ́ gé. Ó pe ìpàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun kọ́ ni olórí mọ́, pé Negan ni, ó sì ní kí ẹni tó bá fi ìbọn pamọ́ mú un wá. Síbẹ̀ inú apá kan náà ni àtakò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Negan béèrè Maggie, opó Glenn, Gabriel àlùfáà fi ibojì kan hàn án, ó ní ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin náà wà láàyè ní Hilltop. Rosita, ará Alexandria, he ìkarahun ọta ìbọn tí wọ́n ti yìn, ó gbé e fún Eugene, ará Alexandria bíi tirẹ̀, pé kó rọ ọta kan fún òun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ó yin ọta náà sí Negan, kùmọ̀ ló bà, wọ́n sì pa Olivia, ará Alexandria mìíràn, nítorí rẹ̀, wọ́n kó Eugene lọ.

Ẹ wá wo Kingdom, kí ẹ tó sọ pé apàṣẹwàá ló tọ́. Ezekiel ni ọba níbẹ̀, ẹkùn rẹ̀ Shiva wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò mọ̀ rárá pé ọba wọn ń kó ẹlẹ́dẹ̀ àti èso fún àwọn ọmọ ogun Negan ní ìkọ̀kọ̀. Ta ni apàṣẹwàá ní ìlú tí kò sí ẹni tó gbọ́ àṣẹ rẹ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú wọn sìn, láti oko dé àká. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 ni Rick lọ bẹ Ezekiel, tó sọ ìtàn ọmọbìnrin tó fi ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ wú òkúta kúrò lójú ọ̀nà fún un. Ezekiel kọ̀, nítorí àlàáfíà tí ìsìn ìkọ̀kọ̀ náà ń rà fún ìlú rẹ̀ dára lójú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ni ẹrù tí wọ́n gbé lọ fi èso mẹ́lọ̀n kan ṣoṣo dín. Richard, ọmọ ogun Ezekiel fúnra rẹ̀, ló mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ kí ìjà lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n yìnbọn lu Benjamin, ọ̀dọ́kùnrin tí ọba fẹ́ràn jù, ó sì kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ezekiel tó gbà láti jà, nínú apá tó kẹ́yìn ọ̀wọ́ náà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin sì ni òun àti Maggie pẹ̀lú àwọn ará Hilltop dé Alexandria, tí Shiva já wọ àárín àwọn ọmọ ogun Negan.