World music: àkọlé orí pẹpẹ, àti Fabrizio De André tó ti ṣe é kí orúkọ tó dé

Ká sọ pé ẹ wọ ilé ìtajà rẹ́kọ́ọ̀dù kan nílùú London lọ́dún 1985, ẹ ní King Sunny Adé lẹ fẹ́ rà. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ìtajà náà kọ́kọ́ họrí. Kì í ṣe pé wọn ò mọ Sunny o. Ilé iṣẹ́ Island ti gbé Juju Music jáde lọ́dún 1982, Synchro System tẹ̀ lé e lọ́dún 1983, ìyẹn sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà àmì ẹ̀yẹ Grammy. Ibi tí wọn yóò kó o sí ni wọn ò mọ̀. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì, kì í ṣe jáàsì, kì í ṣe régè.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1987 ni àwọn kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Empress of Russia, ní Islington, London. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké wà níbẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà ló kó wọn jọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ orin. Wọ́n dá orúkọ lóríṣiríṣi lábàá, “world music” ló borí. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n fi polówó orúkọ náà, kí oníbàárà lè mọ ibi tí yóò yà sí nínú ilé ìtajà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni world music, ẹ sọ fún un pé àkọlé pẹpẹ ni. Kò ní ìlù tirẹ̀, kò ní ohun èlò tirẹ̀, kò ní ìlú tirẹ̀. Flamenco àwọn ará Sípéènì wà níbẹ̀, qawwali àwọn ará Pakistan wà níbẹ̀, jùjú tiwa náà wà níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ ò ju pé wọn ò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé Sunny Adé wá sóde ìnáwó l'Ékòó tó ní world music lòun lọ háyà. Ṣùgbọ́n a jẹ nínú orúkọ náà, kí n má purọ́. Nígbà tí Grammy kọ́kọ́ dá ẹ̀bùn world music sílẹ̀, Planet Drum, àwo orin tí Mickey Hart, onílù ará Amẹ́ríkà, ṣe ló gbà á lọ́dún 1992. Bàbátúndé Ọlátúnjí wà nínú rẹ̀, Sìkírù Adépọ̀jù náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2020 ni Grammy pa orúkọ náà tì, wọ́n fi “global music” rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ráhùn pé òórùn ìgbà amúnisìn ṣì wà lára ti àkọ́kọ́. Èmi ò rí ìyàtọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín méjèèjì.

Ìtumọ̀ kejì wà tí àwọn olórin fúnra wọn fún un: kí èèyàn mú orin ìbílẹ̀ kan, kó pa á pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Èyí ló ṣòroó ṣe, torí lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ló máa ń dà bí ọbẹ̀ tí gbogbo ará ilé bu iyọ̀ sí. Bí a bá fẹ́ mọ bó ṣe rí nígbà tó bá dára, ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Ítálì kan ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn lọ.

Fabrizio De André lorúkọ rẹ̀. Genoa, ìlú èbúté ńlá ní àríwá Ítálì, ni wọ́n ti bí i ní oṣù Kejì ọdún 1940. Cantautore làwọn ará Ítálì ń pe irú rẹ̀, ẹni tó ń fúnra rẹ̀ kọ orin tó sì ń fúnra rẹ̀ kọ ọ́ jáde. Ìlànà Georges Brassens, ará Faransé, ló kọ́kọ́ tọ̀: gìtá, ohùn tó wálẹ̀ kanlẹ̀, àti ìtàn àwọn tí àwùjọ ti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, bí aṣẹ́wó, ọ̀mùtí, ẹni tí wọ́n yẹgi fún. Orin kan tó ṣe jáde lọ́dún 1964 kò lu ayé já àfìgbà tí Mina, gbajúgbajà olórin obìnrin, tún un kọ ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Látìgbà náà lorúkọ rẹ̀ ti kàn.

Nígbà tó yá, ó ra oko sí erékùṣù Sardinia, nítòsí Tempio Pausania. Inú oṣù Kẹjọ ọdún 1979 làwọn ajínigbé wá gbé òun àti Dori Ghezzi, obìnrin rẹ̀ tóun náà jẹ́ olórin. Ó tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi wà nínú ìgbèkùn lórí òkè, kí wọ́n tó sanwó ìtúsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni ì bá kẹ́rù wa lọ́jọ́ kejì. Òun ò kúrò. Àwo orin tó gbé jáde lọ́dún 1981 fi àwọn ará Sardinia wé àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí òyìnbó gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, orin kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ èdè Sardinia ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ibi tó ti dá àrà ni àwo orin Crêuza de mä, lọ́dún 1984, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìpàdé ilé ọtí yẹn. Òun àti Mauro Pagani, olórin ará Ítálì bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe é: Pagani ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn orin, De André ló kọ ọ̀rọ̀. Èdè Genoa látòkè délẹ̀ ló fi kọ ọ́, èdè tí ará Róòmù kò gbọ́, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Genoa fúnra wọn ò sọ mọ́. Ohun èlò tí wọ́n wá kó lé e lórí ni ud àwọn Lárúbáwá, saz àwọn ará Tọ́kì, àti bouzouki àwọn ará Gíríìsì, ohun èlò olókùn bíi gìtá ni gbogbo wọn.

Kí ló dé tí kò fi dún bí àdàlù? Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ èdè náà ti rin ìrìn àjò kí orin tó dé. Camallo ni Genoa ń pe alábàárù tó ń ja ẹrù ní èbúté. Láti ẹnu Lárúbáwá ni wọ́n ti kó o, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní àlùbọ́sà. Èkejì, ọrùn ud tẹ́jú, kò sí irin tó ń pààlà ohùn lórí rẹ̀ bíi ti gìtá, nítorí náà ó lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni ń sọ̀rọ̀. De André kì í sì í lọgun. Ó ń sọ̀rọ̀ kọrin ni. Ohùn rẹ̀ àti okùn ud wá ń rìn pọ̀.

Ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́. Àwọn atukọ̀ ti òkun dé, ojú wọn ti pọ́n, wọ́n yà sílé oúnjẹ Andrea. Ó ń ka oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn: ẹja wẹ́wẹ́ díndín, wáìnì funfun Portofino, ọpọlọ ọmọ àgùntàn, ó wá kan ẹran kan tó pè ní ehoro orí òrùlé. Ológbò ni o! Bí orin náà ṣe ń parí lọ, ẹ ó gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta ẹja lọ́jà Genoa, ohùn ọjà gan-an tí wọ́n lọ gbà sílẹ̀, tó sì wọnú ìlù tó ń lọ nílẹ̀ láìsí ìpààlà.

Orin kẹta, Sidún, kò ní ẹ̀rín nínú. Sidoni ní Lẹ́bánónì ni, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Ísírẹ́lì wọ ibẹ̀ lọ́dún 1982. Ohùn Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, àti ti Ariel Sharon, mínísítà ààbò Ísírẹ́lì lákòókò ogun náà, ló ṣáájú, lẹ́yìn náà òbí kan gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Orin tó tẹ̀ lé e sọ ìtàn Cicala, ọmọ ìdílé Genoa kan táwọn Tọ́kì mú lẹ́rú lójú omi lọ́rúndún kẹrìndínlógún, tó padà di páṣà, ìyẹn olóyè ńlá, lọ́dọ̀ wọn.

Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà míì lọ́dún 1986 pẹ̀lú àwo orin Graceland. Ó lọ sí Johannesburg lọ bá àwọn olórin ibẹ̀, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ lé orin wọn. Àwo orin náà dùn, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí Simon ti jáde lọ wá nǹkan, ṣe ni De André padà sílé lọ wò ó bóyá nǹkan náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kò jáwọ́ nínú ọ̀nà yìí títí ó fi kú ní oṣù Kìíní ọdún 1999. Anime salve, àwo orin rẹ̀ tó kẹ́yìn, tí òun àti Ivano Fossati jọ kọ lọ́dún 1996, ní orin kan nípa àwọn Roma tí kì í gbé ibì kan pẹ́, èdè wọn ni Dori Ghezzi sì fi parí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó fi Crêuza de mä ṣáájú, kó má sì wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orin méje péré ni, kò tó ogójì ìṣẹ́jú.