Owó ti dé, ọmọ ṣì ń dúró: iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn àwọn ọmọdé ní Ireland

Àìsàn wo tiẹ̀ nìyí?

Scoliosis ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì tún lọ́. Ẹ ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí i pé ìhà kan yọ gegele ju èkejì lọ. Dókítà á ya fọ́tò eegun, á fa ìlà méjì sí i, ọ̀kan lókè ibi tó wọ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, á sì wọn bí wọ́n ṣe ya sí ara wọn. Bó bá ti tó dígíríì 10, scoliosis ni. Bó bá ti ń sún mọ́ 50, ọ̀rọ̀ abẹ dé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í débẹ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá ṣì ń ga, ẹ̀yìn náà lè máa wọ́ sí i lóṣooṣù.

Ṣé ìjọba ò fún àwọn ilé ìwòsàn lówó ni?

Wọ́n fún wọn. Ní February 2017, tẹlifíṣọ̀n RTÉ fi àwọn ọmọ tó ń dúró nínú ìrora han gbogbo ìlú. Simon Harris, mínísítà ìlera nígbà náà, ṣèlérí pé kí ọdún yẹn tó parí, kò sí ọmọ tó máa dúró ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́. Ọdún parí, ìlérí ò ṣẹ. Ní 2022, Stephen Donnelly tó rọ́pò rẹ̀ tún ya mílíọ̀nù 19 yúrò sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ eegun àti ẹ̀yìn ọmọdé, ó gbé e fún CHI, àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé ní Dublin.

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ ṣì ń dúró?

Ẹ jẹ́ ká wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kan ṣoṣo lè gba odindi ọjọ́. Dókítà abẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ń kun ọmọ lóorun wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà dunjú wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún wà tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wojú ẹ̀rọ, kó rí i pé iṣan láti ọpọlọ dé ẹsẹ̀ ọmọ ṣì ń jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń de ìdè mọ́ eegun. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ kan á nílò bẹ́ẹ̀dì níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ni tọ̀sán-tòru. Nígbà òtútù, tí ikọ́ bá kó àwọn ọmọ ọwọ́ kún ibẹ̀, wọ́n á fagi lé abẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ gan-an. Ọmọ tí kò fẹnu kan oúnjẹ láti òru á padà sílé. Kò sí owó tó ń sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì tíátà láàárín oṣù kan.

Owó ọ̀hún dà?

Ìbéèrè àwọn òbí gan-an nìyẹn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin buwọ́ lù ú, ó gba ọ́fíìsì mínísítà, ó gba HSE, àjọ ìlera ìjọba, kó tó dé CHI. Tó bá ti wọ àpò kan náà pẹ̀lú owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó ẹ̀rọ, ó ṣòro láti tọ́ka sí yúrò kan pé ọmọ báyìí ni wọ́n ná an lé lórí. Kò yà mí lẹ́nu pé inú ń bí wọn.

Wọn ò ṣe kó àwọn ọmọ lọ ibòmíràn?

Wọ́n kó àwọn kan lọ sí London. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò sì lágbára, kì í rọrùn láti gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.